Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Ìyá Sùlíyá

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á kí ẹ̀rù tó tún dì mí lẹ́nu: ọwọ́ mi ni ó kọ ilà ìbaàmú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkú. Èmi Suara, ayàwòrán tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kó obì sínú ọkọ̀ ojú irin ní Agége, èmi ni. Sùlíyá kò purọ́. Ìyá rẹ̀ kò purọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ya fọ́tò ní bí mo bá sọ ọ́ jáde, àwọn yóò wá tú pátákó orúkọ mi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n wá. Ìṣó mẹ́rin ni mo fi kàn án, mo ti bá wọn tú méjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń bojú wo ẹnu ọ̀nà bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

N kò kàwé púpọ̀, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀, ẹ bá mi dì í mú. Obì ni mo ń dì tẹ́lẹ̀, títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Dàwódù ní Ìkẹjà, ọkùnrin tí mo fi ọjọ́ orí jù dáadáa. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá akọ́ṣẹ́, ẹ má sùn lọ nínú yàrá òkùnkùn o!" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi. Ìbínú yẹn ni mo gbé jáde nígbà tí mo gba òmìnira, òun ni mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ti sọ fún mi pé, "Bàbá Suara, ìmọ́lẹ̀ iwájú a máa pọ́n ènìyàn lé, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló mọ̀ ọ́n." Mo gbọ́, n kò gbà. Àwọn oníbàárà ń fẹ́ kí ojú dán, èmi náà sì ń fẹ́ kí wọ́n sọ pé ojú tèmi dán ju ti Ọ̀gá lọ. Mo wá dígí ńlá kan, mo gbé e sí àgbàlá, kí ó máa da oòrùn sójú ẹni tó bá jókòó síwájú ẹ̀rọ mi.

Ọdún tí wọ́n dé Ọbabìnrin ìlú òyìnbó ládé ni Ìyá Sùlíyá wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè wá sí ìhín nígbà èwe rẹ̀, láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ojú sì ń tì í láti padà sílé láti ìgbà náà. Ilà kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, ìbaàmú, tó dábùú láti orí imú bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọjọ́ orí ti jẹ́ kí ó rì, bí ipa ẹsẹ̀ nínú iyanrìn tí òjò ti pa. Ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Fọ́tò yìí kì í ṣe èyí tí mo máa gbé kọ́ sí Agége o. Ilé bàbá mi ni yóò lọ. Bí ẹsẹ̀ mi kò bá padà délé, kí ojú mi padà." Mo yí dígí, oòrùn bò ó lójú bámúbámú. Ó pariwo, "Suara! Ṣé o fẹ́ yan mí jẹ ni?" Mo ní kí ó fara dà á, pé ẹwà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fara dà á.

Kò rí fọ́tò náà. Ikọ́ gbé e dè ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó sì kú. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Sùlíyá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá gbà á lọ́wọ́ mi. Obì ni òun náà ń ṣà, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n pẹ̀lú omi obì. Ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ó dára o. Ilà màmá mi dà?" Mo gba fọ́tò náà, mo wò ó. Ojú náà ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ìmọ́lẹ̀ tí mo dà bò ó níwájú ti gbé ilà náà mì. Sùlíyá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilà yẹn ni wọn yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú tán. Ẹnì kan ti lọ pe ara rẹ̀ lọ́mọ ilé wọn rí, ìbaàmú ni wọ́n fi já irọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ilà, ta ni mo fẹ́ sọ pé mo jẹ́?" Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: ìmọ́lẹ̀ mi ló ṣì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá ni mo rí lọ́kàn mi, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "N kò tíì parí rẹ̀ ni. Padà wá lọ́la."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é, kí wọ́n bínú. Orí gíláàsì ni àwòrán kọ́kọ́ máa ń wà, ohun tó bá dúdú lójú ènìyàn yóò funfun níbẹ̀, èyí tó funfun yóò dúdú. A ní pẹ́ńsù tí a fi ń pa ìhunjọ rẹ́. A ní ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú, tí a fi ń ha oògùn tó gbé àwòrán lórí gíláàsì, ibi tí a bá ha ni yóò dúdú nínú fọ́tò. Mo jókòó sídìí fèrèsé, mo kọjú oògùn sókè, mo mú ọ̀bẹ. Mo ń ro bí ìyá náà ti jókòó kọjú sí mi: ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi náà ni mo ha, mo sì ha á jinlẹ̀, nítorí mo ń bẹ̀rù kí ó má hàn. Mo gbàgbé ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi, pé bí oògùn bá kọjú sí ọ, ojú inú gíláàsì ti yí padà, òsì ti di ọ̀tún. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ìbaàmú jókòó kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Mo fi pẹ́ńsù bò ó, ó dà bí egbò. Mo tún un ṣe, ó burú sí i. Sùlíyá sì ti dé, ó ní ọkọ̀ tí yóò gbé òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ń dúró.

Ó gba fọ́tò, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀tún kọ́ nìyí?" Mo ní, "Bí dígí ni fọ́tò rí. Ṣé o kò mọ̀ pé dígí máa ń yí òsì sí ọ̀tún ni?" Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín." Ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ wé e, ó lọ. Ẹ gbọ́ o, n kò tọrọ àforíjì fún ọ̀bẹ yẹn. Ọwọ́ akọ́ṣẹ́ ń ṣì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ṣì rí ni kí ó wá tú ìṣó tó kù. Ẹnu mi ni kí ẹ bá ṣẹjọ́. Kò sì tíì débi tó burú.

Wọn kò lé e padà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní ẹni tó ya fọ́tò ni àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àgbàlagbà ilé wọn kan, Bàbá Jimoh, tẹ̀lé Sùlíyá wá sí Agége. Ọmọdé ni òun náà nígbà tí ìyá yẹn sá lọ, kò lè rántí ojú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi kún lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá Dàwódù wá kí mi, ó mú akọ̀wé kan àti ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìkẹjà, àwọn tó ń wá ẹni tí yóò ya fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò wọn. Bàbá Jimoh kò jókòó. Ìbaàmú wà lójú tirẹ̀ náà, ní òsì, ó jinlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ayàwòrán, ọmọ yìí ní o sọ pé fọ́tò máa ń yí ojú." Ó ki ọwọ́ sí àpò agbádá, ó yọ fọ́tò ara rẹ̀ jáde. "Wò mí. Wo fọ́tò mi. Òsì nìyí, òsì nìyí. Àbí fọ́tò obìnrin nìkan ló ń yíjú?" Akọ̀wé náà bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú gún mi bí ẹ̀gún. Bàbá sún mọ́ mi, ó na fọ́tò ìyá náà sí mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. "N kò wá bá ọ jà. Bí ọwọ́ rẹ bá kan ojú yìí, sọ fún mi, yóò sì tán síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí jẹ́ tiwa. Ọwọ́ rẹ kàn án, àbí bí ẹ̀rọ ti rí i nìyí?"

Ọ̀gá wúkọ́. N kò mọ̀ bóyá ikọ́ lásán ni. Mo wo gèlè ìyàwó akọ̀wé. Mo ní, "Wàláì, ọwọ́ mi kò kàn án. Ohun tó wà lójú ìyá ni ẹ̀rọ rí."

"Ìyẹn ni pé ọ̀tún ni ilà rẹ̀ wà?"

"Ọ̀tún ni."

Sùlíyá dìde. "Ẹ̀gbọ́n Suara! Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé bí dígí ni!" Mo wò ó lójú, ẹ gbọ́ mi, ojú rẹ̀ gan-an ni mo wò, mo ní, "Èmi kọ́. O ṣì mí gbọ́ ni." Níbẹ̀ ni mo ti pa á. Kì í ṣe ọ̀bẹ. Bàbá Jimoh dá fọ́tò ìyá náà padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ mi, wọn kì í kọ ọ́ sí ọ̀tún nílé wa. Ìyá rẹ lè jẹ́ ènìyàn rere. Kì í ṣe tiwa." Sùlíyá ní, "Ẹni tó bí mi, kò jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí fọ́tò?" Nígbà tí wọ́n jáde tán, akọ̀wé ní èmi ni kí n wá ya ìgbéyàwó náà. Ọ̀gá gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn.

Ọdún gorí ọdún. Iṣẹ́ mi ń dára sí i, Sùlíyá ń fi apẹ̀rẹ̀ obì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, kì í yíjú. Àfi ní ọyẹ́ tó kọjá yìí ni ó yà wọlé. Ó gbé fọ́tò náà sórí tábìlì. "Ẹ gbà á. Mi ò wá jà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dijú, mo máa ń rí ilà màmá mi ní òsì. Ní báyìí, ọ̀tún ni mo ń rí. Èmi fúnra mi ti ń sọ pé bóyá irọ́ ni màmá mi pa fún mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gba ìyá mi lójú mi." Ó jáde. Kò pariwo. Ì bá pariwo, mo mọ bí mo ṣe máa ń dá aláriwo lóhùn.

Mo wá gíláàsì náà jáde. N kò wò ó láti ọjọ́ yẹn, ojú ń tì mí ni. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ mi ti kọjá ń dán yàn-àn, èékánná ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ohun kan wà tó tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Mo tún fọ́tò tẹ̀, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ lórí ìwé ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ojú náà lè dúdú bí ojú ènìyàn. Ó jáde díẹ̀díẹ̀ nínú omi: ìbaàmú ìyá náà, ní òsì, èyí tí olóòlà ilé bàbá rẹ̀ kọ. Kò fìgbà kan kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kí ojú dán.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Dàwódù, nítorí òun ni alága ẹgbẹ́ àwa ayàwòrán. Ó ti ìlẹ̀kùn. "Bàbá Suara, ẹ dákun. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé ọ̀bẹ ń dé ojú wọn, ta ni yóò tún gba fọ́tò gbọ́? Ẹ ro ti iṣẹ́." Mo ní, "Ọ̀gá, ti iṣẹ́ ni mo ti ń rò láti ọjọ́ yẹn." Ó ní ẹgbẹ́ yóò lé mi, pé kò sẹ́ni tí yóò ta ìwé tàbí oògùn fún mi mọ́, láti Agége títí dé Èkó. Mo ní, "Ẹ lé mi. Obì kò tíì tán ní Agége."

Mo pe Sùlíyá. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín. Mo gbé fọ́tò tuntun lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò bo ilà ọ̀bẹ mi ní ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Òsì ni," ó ní. "Òsì ni, mo mọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè. "Mi ò tíì dárí jì yín o. A jọ ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ẹ di gíláàsì yẹn mú dáadáa, kò gbọdọ̀ fọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọwọ́ yín bá sì ṣì, ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin Bàbá Jimoh, mo gbọ́ pé ẹ ṣì wà láyé. A ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi èékánná yín wo gíláàsì náà, ẹ ó kan ọ̀bẹ mi. Ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ọmọ yín. Lẹ́yìn náà bí ẹ bá fẹ́ gbá mi létí, ẹ gbá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́ èyíkéyìí tó bá wù yín, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ìyá náà kọ́ sí pálọ̀ bàbá rẹ̀.