Sítíárìn Apá Òsì

Nínú ìlà táksì ní Yeoville, tọkọtaya Yorùbá kan tí n kò mọ̀ rí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, lórí ọkọ̀ àtijọ́ tí ọkọ ti ń tún ṣe nílé láti ọdún mẹ́ta.

Ìyàwó ní, “Bàbá Ìbejì, apá ọ̀tún ni sítíárìn wà nígbà tí ẹ rà á. Kí ló gbé e dé apá òsì?”

“Apá òsì ni ti bàbá mi wà.”

“Iléṣà nìyẹn. Níbí, apá òsì ọ̀nà la ti ń wakọ̀. Báwo lẹ ṣe máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ tí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀?”

“Ìwọ lo máa jókòó lápá ọ̀tún. Wàá máa bá mi rí i.”

Mo gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Ẹni tó bá jókòó lápá ọ̀tún ló máa rí i lóòótọ́.

“Èmi ò ní bá yín rí nǹkan kan. Bàbá yín ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn fi lọ gbé wọn.”

“Torí tiwọn ni mo ṣe ń tún un ṣe.”

“Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín. Wọ́n ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ní irú ọkọ̀ yẹn, abẹ́ rẹ̀ làwọn ń gbé, àwọn kì í sábà jókòó sínú rẹ̀.”



“Abẹ́ rẹ̀ lèmi náà wà láti ọdún mẹ́ta,” ọkùnrin náà ní, inú rẹ̀ sì dùn. “A jẹ́ pé mo tún un ṣe bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́.”