Ẹnu Tó Ń Ṣọ̀fọ̀ Ṣúgà

Níbi tí mo ti ń mu ògì láàárọ̀ ní Ṣàngó, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá méjì kan tó jókòó tì mí.

"Alfa, ẹ ò fi ṣúgà sí i?"

"Alájì, ó ti pé oṣù méjì tí mo ti jáwọ́. Dókítà ló kìlọ̀ fún mi."

"Ara wá ńkọ́?"

"Àlùhámúdùlílàhì, ẹsẹ̀ ò ta mí mọ́, mo sì ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń ṣọ̀fọ̀."

Ẹ̀rín pa Alájì. Alfa ò rín.

"Ìyàwó mi náà ti jáwọ́, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe é. Ó ní òun ò lè máa mu dídùn kí n máa wo òun lẹ́nu."

Alájì ò rẹ́rìn-ín mọ́.