Ààwẹ̀ Àwọn Arúgbó

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá wa ní ìkókó tí kò lè dá jókòó, tó sì lè dá wa padà sí ipò ìkókó lẹ́yìn tí a ti dàgbà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí jíjẹ́ ni mo bá wá lónìí. N kò sọ ti ẹ̀rí èké. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀rí èké kò dára. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ gan-an mọ̀. Ẹ̀rí tí mo ń sọ ni ti ẹni tí ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n tí kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Àmánà ni ẹ̀rí, ohun tí a fi síni níkàáwọ́ ni. Bí wọ́n bá ní kí o lọ wo nǹkan wá, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n lè ti fi lé ọ lọ́wọ́ yẹn. Ẹ fetí sí ìtàn Sàdíkù.

Àlájì Sàdíkù ṣiṣẹ́ wolé-wolé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin àgbà mọ àwọn wolé-wolé, àwọn tó ń ṣí ìkòkò omi onílé wò, tó ń wo gọ́tà, tó ń wo ibi tí a ń yàgbẹ́ sí. Ní ìlú wọn, lápá ibi tí a ti ń lọ sí Ìwó, àwọn obìnrin a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí Àlájì Sàdíkù bá kan ilẹ̀kùn wá kí ọ, lọ gbá ẹ̀yìnkùlé ná kí o tó dá a lóhùn. Kì í fi ìrun ṣeré, ó mọ ṣàríà dé ìwọ̀n, kò sì gba rìbá rí.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Nímótà. Nígbà tí ìyá wọn kú, Nímótà ló pa ẹ̀kùrọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi yi, kí àbúrò rẹ̀ lè lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ ogbó, àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan. Ọkọ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ìyàwó Sàdíkù fúnra rẹ̀ sì ń fi ọ̀pá rìn. Lákòókò yìí ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn kan nínú jámọ́ọ̀ mọ́ṣáláṣí wọn ti kó òbí wọn lọ síbẹ̀, àwọn mìíràn fẹ́ kó tiwọn lọ, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Lémọ́ọ̀mù ní kí Sàdíkù bá wọn lọ yẹ ibẹ̀ wò, nítorí kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ mú tó tirẹ̀.

Kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń bọ̀. Àlàmísì ló já wọ ibẹ̀ lójijì, bí wolé-wolé gidi ṣe ń ṣe. Ó wo ìdérí kànga. Ó wo ìdí ìkòkò ní ilé ìdáná. Ó wo ṣáláńgá, ó mọ́ tónítóní. Ó wọ yàrá ńlá tí àwọn arúgbó wà, ó fi ọwọ́ tẹ àwọn ibùsùn wò, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó fa èémí símú, kò gbọ́ òórùn ìtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí, ẹ mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti da ife omi wọn dojú bolẹ̀. Ó sún mọ́ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Yékínnì, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹun. Bàbá náà ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ààwẹ̀ ni òun náà ń gbà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tó ń sá sókè sá sódò, ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Omi lé sójú Sàdíkù. Ètè Bàbá Yékínnì ti funfun, ó ti sán. Nígbà tí bàbá náà lanu sọ̀rọ̀, òórùn ẹnu gbígbẹ jáde, Sàdíkù sì rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa, pé òórùn ẹnu aláààwẹ̀ dùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run ju lọ́fíńdà àlùmísíkì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ni Ọlọ́run yọ̀ǹda fún pé kó má gbààwẹ̀, kódà nínú Ràmàdáánì? Ṣé kì í ṣe aláìsàn? Ṣé kì í ṣe arúgbó tí agbára rẹ̀ ti tán? Sàdíkù mọ̀ ọ́n. Ó ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn rí. Kí ló dé tí kò bi ara rẹ̀ pé kí ló kó àwọn tí Ọlọ́run yọ̀ǹda fún sínú ààwẹ̀ tí kò pọn dandan? Nítorí pé ohun tó rí dùn mọ́ ọn ni. Ohun tó bá dùn mọ́ wa, a kì í tú ìdí rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dìde níwájú jámọ́ọ̀.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "mo ti wo ilé púpọ̀ láyé mi, n kò tíì wo èyí tó mọ́ tó ìyẹn. Àwọn arúgbó ibẹ̀ ń gba ààwẹ̀ sùnná tí àwa tí ara wa le ò lè gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kó òbí rẹ̀ lọ, kó má fòyà. Èmi jẹ́rìí sí i."

Àwọn èèyàn ṣe àmín.

Nímótà kò fẹ́ lọ. Ó ní yàrá òun ti mọ́ òun lára, kí wọ́n jẹ́ kí òun kú síbẹ̀. Sàdíkù ní òun ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Obìnrin náà wo àbúrò rẹ̀ títí.

"Bí ìwọ bá ti wò ó," ó ní, "èmi náà ti wò ó nìyẹn." Ó ní kí wọ́n bá òun di ẹrù òun.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Sàdíkù lọ kí i, ó ní oúnjẹ wọn ò burú. Nígbà tó tún lọ, ife rẹ̀ ti dojú bolẹ̀. Ààwẹ̀ ni. Ẹ̀rín pa Sàdíkù, nítorí Nímótà tó mọ̀ kì í gba ààwẹ̀ sùnná. A máa sọ pé òun àti ebi ti jà tán nígbà tí òun ń pa ẹ̀kùrọ́, àwọn ò tún ní jà mọ́ àfi bí Ràmàdáánì bá ti àwọn síra. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ilé náà ti fa ẹ̀gbọ́n òun sún mọ́ ẹ̀sìn.

Ní Jímọ̀ kan, ó yà síbẹ̀ bó ṣe ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀. Ife ṣì dojú bolẹ̀. Ojú Nímótà ti jìn sínú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ya Jímọ̀ nìkan sọ́tọ̀ fún ààwẹ̀."

"Sàdíkù, jẹ́ n gba tèmi bó ṣe yé mi." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o lè gbé mi dé ẹ̀yìn kí n lọ tọ̀, kí o tó máa lọ?"

Ojú ti Sàdíkù. "Èmi ọkùnrin? Ẹ jẹ́ n bá yín pe nọ́ọ̀sì."

Ó pè é. Nọ́ọ̀sì, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹlòmíràn, ní òun ń bọ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun lọ́ọ̀ọ́kán. Sàdíkù wo agbádá rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Kò dúró kó rí i bóyá nọ́ọ̀sì wá.

Ẹ̀yin ará mi, obìnrin tó máa ń fọ ìtọ̀ Sàdíkù kúrò lára ẹní nígbà tí Sàdíkù wà ní kékeré ló ń bẹ̀ ẹ́. Ìwádìí tí jámọ́ọ̀ rán an, ìdúró díẹ̀ tí kò lè dúró yẹn ni. Ó dé mọ́ṣáláṣí kí lémọ́ọ̀mù tó gun mínbárì. Sàfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, ló jókòó sí.

Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ránṣẹ́ sí i pé wọ́n ti gbé Nímótà lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ó bi Sàdíkù bóyá ìyá yìí ń mu omi. Sàdíkù ní ààwẹ̀ ló máa ń gbà.

"Bàbá," ni dókítà wí, "ààwẹ̀ kọ́ lèyí. Òùngbẹ ni, ó sì ti pẹ́ lára wọn."

Sàdíkù jókòó ti ibùsùn, ó wá béèrè ohun tó yẹ kó ti béèrè tipẹ́.

"Kò sí ààwẹ̀ kankan níbẹ̀," Nímótà wí. Èèyàn ní láti tẹ̀ mọ́ ọn kó tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹni tó bá mu omi, á tọ̀. Bó bá pe nọ́ọ̀sì, á ní òun ń bọ̀. Bó bá tọ̀ sára, inú ẹ̀ ló máa wà, wọ́n á tún pariwo lé e lórí lójú gbogbo èèyàn, pé àgbàlagbà bíi tiẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló ní ká kúkú máa sọ pé ààwẹ̀ ni. Wọn kì í fi omi dá aláààwẹ̀ lágara. Ìtìjú wa la fi bò, Sàdíkù."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ lo jẹ́rìí sí i lójú jámọ́ọ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún tó máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ẹ̀rí tìẹ lọ?" Ó mí. "Mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo rò pé bí o bá gbé mi dé ibẹ̀, wàá rí i fúnra ẹ."

Lẹ́yìn náà ó bi í bóyá Ọlọ́run yóò foríji òun tí òun fi ààwẹ̀ parọ́. Ọjọ́ tí Sàdíkù lọ ṣe ìwádìí ló ń padà wá sọ́kàn rẹ̀. Ibùsùn gbẹ nítorí àwọn tó wà lórí rẹ̀ ti gbẹ. Ṣáláńgá mọ́ nítorí kò sẹ́ni tó ń mú wọn dé ibẹ̀. Ojú rẹ̀ ò parọ́ fún un rárá.

Nímótà kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú, Sàdíkù tún dìde. Ó ní òun yọ ẹ̀rí òun kúrò. Ó ṣàlàyé ààwẹ̀ náà fún wọn, ó ní kí ẹni tó bá ní òbí níbẹ̀ lọ gbé e wálé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ti dìde, wọ́n ń wá bàtà wọn. Ìgbà náà ni ohùn obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn aṣọ tó pààlà. Ọmọ Bàbá Yékínnì ni. Kò pariwo.

"Àlájì, a ti fẹ́ gbé bàbá wa kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí a rí i pé wọ́n ń rù. Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ló jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Oṣù tó kọjá la sin wọ́n. Ohun tá a fi ń tu ara wa nínú ni pé ẹnu ààwẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi kú."

Sàdíkù dúró síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àwọn tó ni ilé náà, tó fi nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ti gbogbo arúgbó wọ̀nyẹn, yóò dáhùn lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀. Sàdíkù náà yóò dáhùn, bẹ́ẹ̀ kò gba rìbá, kò sì purọ́. Bí o bá lọ wo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, má wo ilẹ̀ tó mọ́ nìkan. Jókòó. Bù ú lómi mu, kí o sì dúró títí omi náà yóò fi fẹ́ jáde, kí o rí ẹni tó máa wá. Bí kò bá sẹ́ni tó wá, ìwọ gbé e. Bí o bá tìtorí rẹ̀ bọ́ sí sàfù ẹ̀yìn, bọ́ sí i. Ẹ̀yin tí arúgbó yín wà nínú ilé yín, tí ẹ ń mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn yín, ìyá tó ní òùngbẹ ò gbẹ òun, ṣé ẹ ti bi í dáadáa?

Ọlọ́run, fi ọ̀nà hàn wá. Má jẹ́ kí ojú wa máa rí kí ọkàn wa má rí. Má jẹ́ kí a fi orúkọ Rẹ bo ohun tó yẹ ká tú wò. Foríji Sàdíkù. Foríji Nímótà àti Bàbá Yékínnì àti gbogbo àwọn tó dúró de ẹni tí kò wá. Ka òùngbẹ wọn sí ààwẹ̀ fún wọn, kí O sì fi ọwọ́ ara Rẹ fún wọn ní omi ìṣínu. Àmín.