Ìran Fáàfù Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Bàbá Ìjọ ní kí n má pẹ́, mi ò sì ní í pẹ́. Ìyá Akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oorun yẹn sílẹ̀ díẹ̀; oorun tèmi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ pé ẹnjiníà ni mí ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ooru omi gbígbóná ń yí. Bí ooru náà bá ti ṣiṣẹ́ tán, á gba inú páìpù kan jáde. Lára páìpù yẹn ni fáàfù séfítì wà, tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ooru bá pọ̀ jù, kí ẹ̀rọ má baà bẹ́. Fáàfù ńlá mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a máa ń fọwọ́ tì. Ẹ̀yìn èyí tí à ń tì ni wọ́n wá fi séfítì sí.

Làmídì tó ń to páìpù fún wa ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá, bí ẹnì kan bá gbàgbé tó ti fáàfù ńlá yìí pa ńkọ́? Ooru ò ní lè dé ọ̀dọ̀ séfítì mọ́. Ẹ̀rọ á bẹ́ ni, èmi ni mo sì máa ń dúró tì í."

"Làmídì, o ti fẹ́ gba iṣẹ́ mi nìyẹn!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mánijà fẹ́ ká tan ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gígé páìpù láti gbé séfítì síbi tó yẹ yóò sì gba ọjọ́ mẹ́ta. Mo fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tan án bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, mo ń gbàdúrà. Mi ò tíì ṣe àmín tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà, ní, "Dìde, tẹ̀ lé mi." A sọ̀kalẹ̀. Mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn wú dí wọn lẹ́nu. Mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so ẹ̀yìn wọn pọ̀, wọn ò lè rí ojú ara wọn. Mo rí àwọn aninilára lábẹ́ ẹrù tí wọ́n ti dì fún ẹlòmíràn, iná ń lé wọn, wọ́n ń sáré, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń ké, ibi tí wọ́n máa sá gbà kò sí, kò sí rárá! Èmi ńkọ́? Kò ṣe mí bákan. Mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ògiri.

"Kò gbóná?" ni ọkùnrin náà bi mí.

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Wá wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Ó mú mi wọ gbọ̀ngàn kan. Kò sí iná níbẹ̀. Àwọn èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, bíró lọ́wọ́ wọn. Ooru ń fẹ́ lù wọ́n, awọ ara wọn ń bó, wọn ò tiẹ̀ mira.

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n mọ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i."

Àga kan ṣófo. Mi ò bèèrè ẹni tó ni ín.

Ó wá mú mi gòkè. Ibẹ̀ tutù, àwọn olóòótọ́ ń sinmi lábẹ́ igi. Ta ni mo rí? Làmídì, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀! Ẹ má bi mí bí Làmídì ṣe dé ọ̀run wa. Èmi kọ́ ni mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ má jókòó o, wọ́n ní ẹ ò ní pẹ́."

Mo yíjú sí ọkùnrin aláṣọ funfun. "Ìgbà wo lèyí dé?"

"Lọ́la, láàárọ̀."

Ó yẹ kí n ké. Mi ò ké.

Nígbà tí mo lajú, oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé. Mo pe Làmídì lórí fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé kò sí o?"

"A ò ní tan ẹ̀rọ lọ́la. A máa gé páìpù."

"Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni."

A gbé séfítì wá sáàárín ẹ̀rọ àti fáàfù ńlá, a dojú ẹnu rẹ̀ kọ òkè òrùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Mánijà gba ipò lọ́wọ́ mi torí pé a ò tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó fẹ́; ẹ sáà rí i bí mo ṣe ń ráyè wá sí ìsìn ọjọ́rú báyìí. Mi ò banú jẹ́, mi ò sì yọ̀. Láti ìgbà tí mo ti jí lójú oorun yẹn ni ọwọ́ tí mo fi buwọ́ lùwé ti kú tipiri. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò ní mọ̀.

Ẹ̀yin ará, ohun tí ẹ mọ̀ tí ẹ sì fọwọ́ sí, ẹ lọ gé e lónìí. Àga yẹn ṣì ṣófo. Mo wò ó dáadáa: ìdí tèmi nìkan kọ́ ló lè gbà.