Wáyà Tí Mo Gé Lára Ọkọ̀ Ọ̀gá Adéṣínà

Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ wá gbàdúrà fún mi, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ dá a dúró ná. Àìsàn yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́, mo sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ṣàkírù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n sí dírẹ́bà tó pa ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà lọ́dún 1992. Irọ́ ni. Èmi Ọláyíwọlá, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí ẹ̀ ń pè ní Injiníà, èmi ni mo ṣekú pa obìnrin náà.

Ọ̀gá Adéṣínà ló ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, wọ́n sì ní kí Ṣàkírù gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkokomáìkò. Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì rẹ̀. Tí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á máa sá eré kan náà lọ láìjẹ́ pé ó ń tẹ iná mọ́ ọn. Tó bá tẹ bùréèkì, ọkọ̀ á já eré náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì yìí ni kò ṣiṣẹ́. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé èyí náà niṣẹ́? Ẹ padà wá lọ́la."

Mo tú u palẹ̀, mo tẹ̀lé wáyà títí, orí mi gbóná. Mo ṣáà rí i pé wáyà kan láti ibi bùréèkì kò mú nǹkan kan dé inú àpótí kékeré tó ń darí eré. Ohun tí àwa rìwáyà máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá sú wa ni pé ká dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀: ká gé wáyà tó ń yọ wá lẹ́nu, ká so òmíràn mọ́ ara ọkọ̀, kí nǹkan ṣáà ṣiṣẹ́. Mo dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Bọ́tìnnì ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Adéṣínà pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Injiníà, orí ẹ pé!" N kò tẹ bùréèkì wò lórí eré. Ìyìn ti kún etí mi.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ṣàkírù ń gbé Madam Beatrice, ìyàwó ọ̀gá, tó ń ṣe tíṣà nínú bárékè Ọ̀jọ́, bọ̀ láti Badagry. Ó ti tẹ bọ́tìnnì yẹn, ọkọ̀ ń sá eré lọ, nígbà tí típà oníyanrìn kan dúró lójijì níwájú wọn. Ṣàkírù tẹ bùréèkì, ṣùgbọ́n àpótí yẹn kò gbọ́; ṣe ló ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀ lọ. Madam kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Ṣàkírù.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo lọ síbẹ̀ bí aláàánú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yọ bátìrì kí iná má bàa ràn. Abẹ́ sítíárì ni mo kó sí. Mo yọ wáyà tèmi, mo so tàtijọ́ padà. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ iná ẹ̀yìn wò: gílóòbù bùréèkì méjèèjì ti jó. Inú wọn ni wáyà yẹn ń gbà dé ara ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe jó ni bọ́tìnnì kú; gílóòbù nìkan ló yẹ kí n pààrọ̀. Injiníà burúkú, tí gílóòbù kékeré dójú tì! Mo sunkún, síbẹ̀ n kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá mú wá yẹ ọkọ̀ wò kò rí àléébù kankan tó lè fa ìjàǹbá náà.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Ṣàkírù fi ọ̀pá méjì tiro wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun àti ìyá rẹ̀, Àlájà Fàúsátù. Gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé iná ló tẹ̀ dípò bùréèkì. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Injiníà, mo bẹ̀ yín. Èmi mọ̀ pé bùréèkì ni mo tẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń wọ́ mi lọ. Ṣé ọkọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí orí mi ló dàrú?" Ìyá rẹ̀, tó lè bí mi, kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì ilẹ̀. Mo wo ojú àwọn méjèèjì, mo ní, "Ṣàkírù, ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ ló ṣì í tẹ̀. Gba kámú." Ó ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo pa wọ́n lóòótọ́."

Ọdún méje rèé. Kò fẹ́ ìyàwó. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ọmọ ṣe, òun tó pa ìyá ọlọ́mọ. Ojú tì mí, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ má tijú láti sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo sọ ọ́, Madam ì bá wà láyé.

Ṣàkírù, Àlájà ti kú pẹ̀lú ìtìjú tí mo dì rù wọ́n, n kò sì lè bẹ̀ wọ́n mọ́. Ìwọ ni mo ń bẹ̀. Bí o kò bá lè dárí jì mí, má fipá ṣe é. Ṣáà gba ohun tí mo jẹ ọ́ láti ọjọ́ yẹn: bùréèkì ni o tẹ̀, àbúrò mi. O tẹ̀ ẹ́ dáadáa.