Ọkọ̀ Tó Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Láìdún

Nígbà tí eegun mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè fo gọ́tà láìkọ́kọ́ bá orúnkún mi ṣèpàdé, mọ́tò kò pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí. Ẹ gbọ́. Bí mọ́tò bá ń bọ̀ nígbà náà, etí la fi ń kọ́kọ́ rí i. Yóò ti máa hó bọ̀ láti òkèèrè. Adìyẹ yóò ti sá, ìyá arúgbó yóò ti fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé. Kí mọ́tò náà tó yọ, gbogbo ẹni tó bá ṣì fẹ́ràn ayé rẹ̀ ti kúrò lójú ọ̀nà. Ti òde òní ńkọ́? … Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bà mí.

Sìdí, ọmọ-ọmọ mi, ló gbé fóònù síwájú mi. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ sí i, kí ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tó wà lókèèrè lè gbọ́ ìdí tí bàbá yín àgbà fi ń yọrí lójú fèrèsé mọ́tò bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́. Ó dáa. Mo ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, ó yẹ kó rojọ́ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé Sìdí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi níbí ló ń sùn. Lójoojúmọ́ ló ń lọ, tó ń bọ̀. Ó wá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀. Ó ní òun rí méjì lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ọkọ̀ lọ́nà Odogbolu, òun ò sì mọ èyí tí òun máa mú. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ eérú.

Ó ní, “Bàbá àgbà, pupa yẹn, tí èèyàn bá tẹ iná ẹ̀ báyìí, ẹ ò ní í mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa dé.”

Mo ní, “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ibo ni mo máa dé?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná. Ó dùn ún wà. Ṣùgbọ́n ó ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Eléérú yẹn ní tiẹ̀, ó ń lo epo, ó tún ń lo bátìrì ńlá kan. Kì í mu epo púpọ̀, tí mo bá sì fẹ́ sáré, á sáré. Ó dùn ún wà, kì í sì í jẹun jù. Irú ẹ̀ ni mò ń wá.”

Mo ní, “Irú ẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ń wá nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò tíì rí ẹni tó rí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Ó ní, “Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á kú fúnra ẹ̀, kí epo má baà ṣòfò.”

Mo gbé ife ògì mi kalẹ̀. Mo ní, “Tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Sìdí rò pé òtútù ló ń mú mi, ó lọ mú súẹ́tà wá fún mi.

Kì í ṣe òtútù. Ẹ mọ àṣà ilé wa. Kò sí ẹni tó ń ra ọkọ̀ nílé yìí kí àgbà ilé tó jókòó sínú rẹ̀, kó ṣe àdúà sí i. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń sanwó. Àwọn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ, èmi ló kù. Sìdí ní lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa gbé ọkọ̀ wá. Èyí tí mo bá ṣe àdúà sí lòun máa mú. Ẹ wò ó ná. Bí mo bá wá ṣe àdúà sí èyí tí yóò pa ọmọ yẹn ńkọ́? Ta ni mo máa rojọ́ fún?

Nítorí ohun tí àwọn òyìnbó sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ti rí i ṣáájú wọn. Bọ̀ọ̀dá Múfútáù. Aláṣọ ni, owó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan tó ń bú bí ẹkùn. Ohun méjì ni Bọ̀ọ̀dá mi mọ̀ láyé: ó fẹ́ràn eré, ó kórìíra ilé epo. Nígbà náà epo wọ́n. Èèyàn á tò síbẹ̀, òjò á pa á, oòrùn á sá a, wọ́n á wá ní epo ti tán. Bí ti òde òní náà ni, àfi pé nígbà náà wọ́n máa ń bẹ̀ wá kí wọ́n tó lé wa.

Bọ̀ọ̀dá mi wá dá ọgbọ́n kan. Bó bá ń gun òkè, á tẹ iná, ọkọ̀ á bú, á fò. Bó bá dé orí òkè, tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, á pa ẹ́ńjìnnì. Á fi jíà sílẹ̀, ọkọ̀ á máa ṣàn lọ bí omi. Ó ní, “Ràímì, òkè ni mo fi ń náwó, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo fi ń jèrè. Epo làwọn yòókù fi ń wakọ̀, ọgbọ́n lèmi fi ń wà á.”

Ìyá wa gbọ́. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Múfútáù, ohun tó ń gbé èèyàn lọ tí kò mí, ṣé kì í ṣe pósí nìyẹn?”

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹ̀rín yẹn.

Ó di ọjọ́ kan, à ń lọ síbi ìkómọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bọ̀ọ̀dá mi wọ agbádá ńlá. Agbádá yẹn, tí wọ́n bá tẹ́ ẹ, a lè sá gàrí lórí ẹ̀. A dé orí òkè kan tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, tó sì yà nísàlẹ̀. Ó pa ọkọ̀ bó ṣe máa ń pa á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó tún yọ kọ́kọ́rọ́. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ yọ ọ́ fún?” Ó ní bí kọ́kọ́rọ́ bá wà nínú ihò rẹ̀, epo ń gba ibẹ̀ jò díẹ̀díẹ̀. Òun ti rò ó dáadáa. Ó jù ú sápò agbádá.

Ọkọ̀ ń lọ. Ẹ gbọ́, kò dún. Inú mọ́tò ni mo wà, mo ń gbọ́ ohùn ẹyẹ. Mo ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ koríko. Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá báyìí ni wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ nínú sàréè.

Bọ̀ọ̀dá mi tẹ búréèkì. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, “Ràímì, búréèkì yìí le bí òkúta.” Ohùn jẹ́jẹ́ ni. Ó fẹ́ yí sìtíárìn, nítorí ibi tí ọ̀nà ti yà ti ń súnmọ́. Sìtíárìn ní kọ́, ó dúró. Kò lọ ọ̀tún, kò lọ òsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì, búréèkì ẹ̀ á le; ẹni tó bá yọ kọ́kọ́rọ́, ó ti ti sìtíárìn pa nìyẹn. Àwa ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn la mọ̀ ọ́n.

Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò láti wá kọ́kọ́rọ́. Ó mú orógbó jáde. Ó ní, “Gbà á mú.” Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á, ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò lè fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tẹ̀sùbáà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Áńkáṣíìfù. Mo gbà á, mo ní, “Ẹ ṣé.” Eré ń pọ̀ sí i. Igi ń sá lọ sẹ́yìn. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ilé ṣe fẹ́ pa mí.

Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àwọn obìnrin ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ìyá àgbà kan wà létí ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń ku gàrí sínú atẹ́. Ojú ọ̀nà yà, ọkọ̀ wa kò yà. Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn gan-an ló kọjú sí. Bọ̀ọ̀dá mi tẹ fèrè. Ọkọ̀ tí wọ́n ti pa, fèrè ẹ̀ náà ti kú. Mo bá yọrí lójú fèrèsé, mo ń ju ọwọ́, mo ń pariwo, “Ìyá, Ìyá, Ìyá.”

Ìyá yíjú. Ó rí ọkùnrin tó dé fìlà, tó ń juwọ́ sí i tọ̀yàyà tọ̀yàyà látinú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó gbé atẹ́ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o. Ẹ ó dé ire o.”

Lójú ọ̀nà tí a ń gbà bọ̀. Lórí orúnkún.

Mo ju orógbó nù. Háńbúréèkì wà láàárín èmi àti Bọ̀ọ̀dá mi. Tọwọ́ tẹsẹ̀ ni mo fi fà á. Ọkọ̀ pariwo, ó fì, ó lọ kì sínú òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó jọ síbẹ̀, ó sì dúró. Nígbà tí mo lajú, ìyá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́, yóò kan iná iwájú ọkọ̀.

Kò lè dìde mọ́. Àwa méjèèjì la gbé e. Kò bú wa. Ì bá bú wa, ì bá dáa. Ohun tó ń sọ kò ju, “Mi ò gbọ́ yín. Mi ò gbọ́ yín rárá.” Àwọn obìnrin yòókù ń bú wa dípò rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bú. Òun kàn ń sọ ọ́ ṣáá. “Mi ò gbọ́ yín.” Ọjọ́ òní yìí, bí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀.

Orí kọ́kọ́rọ́ náà ni Bọ̀ọ̀dá mi jókòó lé. Ó ta ọkọ̀ yẹn. Orí ibùsùn ló kú sí nígbẹ̀yìn, níbi tí kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ṣé ẹ ti wá mọ ìdí tí ọwọ́ mi fi gbọ̀n?

Wọ́n gbé ọkọ̀ méjèèjì wá lọ́jọ́ kejì. Mo wọlé sí eléérú. Mo ní kí Sìdí wà á lọ sọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, sórí òkè yẹn kan náà. Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà náà báyìí, ó wá ń dán bí ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A dé orí òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ẹ́ńjìnnì kú.

Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Mo ka kálímọ̀ tán kí n tó lè la ẹnu sọ nǹkan mìíràn. Mo ní, “Sìdí, tẹ fèrè.” Fèrè dún. “Tẹ búréèkì.” Ó rọ̀ bí iyán. “Yí sìtíárìn.” Ó yí. “Kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Bọ́tìnnì ni mo fi ṣíná ẹ̀, Bàbá àgbà. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nínú báàgì mi.”

“Báàgì dà?”

“Ó wà lẹ́yìn.”

Mo ní kó dúró. Mo bọ́ sílẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní kò ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ yìí kì í ti sìtíárìn bó bá ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni Bọ̀ọ̀dá Múfútáù ti rò ó dáadáa.

A tún gbéra. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó yí i lọ́nà tó dùn mọ́ ọn nínú, ọkọ̀ náà yí bí ẹja. Sìdí rẹ́rìn-ín. Láti imú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín Bọ̀ọ̀dá mi gan-an.

Níwájú wa, obìnrin kan gbé atẹ́ sórí, ó ń rìn lọ lójú ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò gbọ́ wa. Kò gbọ́ wa rárá. Mi ò mọ ìgbà tí mo yọrí lójú fèrèsé, mo ń ju ọwọ́, mo ń ké, “Ìyá, Ìyá.” Ó yíjú. Ó rí arúgbó tó ń kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Sìdí tẹ búréèkì. Ọkọ̀ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, jìnnà sí obìnrin náà. Obìnrin yẹn ní, “Ẹ kú ìrìn o, Bàbá.” Mo dá a lóhùn. Mo ní kí Sìdí máa gbé mi lọ sílé.

Nílé, mo ro méjèèjì. Pupa yẹn ń dún, òótọ́ ni, ayé á gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun ọkọ̀ tó ń jẹ epo báyìí, tó sì fẹ́ràn eré, ọjọ́ tí epo bá wọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. Ọgbọ́n yẹn ni mo sì ń bẹ̀rù. Kàkà kí ọmọ mi máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọkọ̀ lórí òkè, kí ọkọ̀ máa pa ara rẹ̀. Òun ó kúkú mọ bó ṣe ń jí. Mo sọ fún Sìdí pé, “Bó o bá ti dé orí òkè, tẹ fèrè títí o fi dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe torí ọkọ̀. Torí àwọn tí kò gbọ́ ọ.”

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mo gbà, Bàbá àgbà.” Mo ṣe àdúà sí eléérú. Mo ṣe é pẹ́. Ẹni tó ta ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Ó ń tẹ fèrè náà. Mo máa ń bá a lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ̀ pé ó ń tẹ̀ ẹ́, èmi náà á sì yọrí, mo ń ràn án lọ́wọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n pè mí nìyẹn, mo jẹ̀bi.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé tiwa, ikú máa ń hó bọ̀ ni … Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá wálé, tẹ́ ẹ rí ọkọ̀ eérú kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìdún lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, tí arúgbó kan yọrí lójú fèrèsé, tó ń kí yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ kúrò lójú ọ̀nà.