Ìdì Òwú Àwẹ̀ró

Ní ayé àtijọ́... Ládùn, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀! Ṣé ẹ ń wo ọmọ yìí? Mo ní kí ẹ wá gbọ́ ìtàn, òun ń fi ọ̀bẹ gún ìdì òwú ilé wa wò. "Ìyá, kí ló wà nínú ẹ̀? Ìyá, kí ló wà nínú ẹ̀?" Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ̀, àbúrò mi, ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ti sú mi! Ẹ jókòó. Ẹ panu mọ́.

Ní ayé àtijọ́, kí páànù tó gorí ilé níhìn-ín, ahunṣọ kan wà tó ń jẹ́ Àjàgbé. Òun ló bí ẹni tó bí ẹni tó bí wa. Ó ní àbúrò obìnrin kan, Àwẹ̀ró. Ọgbọ́n Àwẹ̀ró kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ dàgbà. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́rin ló ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní dìndìnrìn. Ta ló rẹ́rìn-ín yẹn? Bọ́dúnrìn, mo ń wò ọ́ o.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró mọ̀: kó mú òwú, kó máa wé e. Ó wé òwú mọ́ ọmọ odó. Ó wé òwú mọ́ àpótí ìjókòó. Ó wé òwú mọ́ igbá tó fọ́, ó wé e, ó wé e, títí igbá fi di nǹkan mìíràn, dúdú gba orí funfun, funfun gba orí pupa. Ó rẹwà, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú ta ni? Òwú Àjàgbé ni! "Àwẹ̀ró, o ó pa mí! Ṣé kí n máa hun afẹ́fẹ́ ni?" Àràárọ̀ ló ń pariwo. Àwẹ̀ró á wò ó, á tún máa wé òwú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá wọn kú, wọ́n mú Àwẹ̀ró lọ sóko kó má baà rí òkú. Ó padà dé, kò bá ìyá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Wọ́n ní, "Kí ni yóò yé e níbẹ̀?" Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọn ò sọ fún un! Ojoojúmọ́ ló ń yọjú wo yàrá ìyá. Ìgbà tó sú u ló bẹ̀rẹ̀ ìdì kan tí kò wé irú rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́fà ló fi wé e. Ìdì náà tóbi tó àgùntàn, Àwẹ̀ró sì ń gbé e sùn.

Lọ́jọ́ kan, Àjàgbé wá apasà rẹ̀ tì, pátákó pẹlẹbẹ tí ahunṣọ fi ń lu òwú mọ́ra. Ti bàbá rẹ̀ ni. Aṣọ ìyàwó sì wà lórí òfì, ìgbéyàwó ku ọ̀la. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀; bẹ́ẹ̀ ló ṣe tú gbogbo ilé. Ojú rẹ̀ bá ìdì. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ibẹ̀ ló wà!" Ó mú ọ̀bẹ, ó là á. Àwẹ̀ró lọgun. Àjàgbé ń gé, ó ń fa òwú yọ, òwú lórí òwú, títí ọ̀bẹ fi kan igi.

Kì í ṣe apasà. Ìrànwú ìyá wọn ni, igi tí ìyá fi ń ran òwú, èyí tí Àjàgbé fúnra rẹ̀ jù sí ààtàn lẹ́yìn ìsìnkú. Apasà ńkọ́? Ó wà lókè àjà, níbi tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Irú èèyàn wo nìyẹn!

Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò fọwọ́ kan òwú mọ́. Kò jẹun. Ó ń rù, ó ń gbẹ. Àjàgbé bẹ̀ ẹ́, ó se ẹ̀wà tó fẹ́ràn fún un, pàbó ló já sí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí ìyá sọ fún un gbẹ̀yìn ni pé, "Má jẹ́ kí àbúrò rẹ jìyà." Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rù bà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ìrànwú sáàárín àwọn méjèèjì, ó ní, "Àwẹ̀ró, ìyá wa ti kú. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ." Ó wá mú òwú tó dára jù, ó ń wé e mọ́ igi náà. Játijàti ló ń wé e! Ahunṣọ tí gbogbo ìlú mọ̀!

Àwẹ̀ró wò ó, ó wò ó. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó pòṣé. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" Ó já a gbà, ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ń na ọwọ́ sí ẹ̀wà.

Ìdì náà nìyí. Àwẹ̀ró kò bímọ, ṣùgbọ́n ilé Àwẹ̀ró là ń jẹ́, a kì í jẹ́ ilé Àjàgbé. Bí ẹnikẹ́ni bá kú níhìn-ín, a kì í mú ọmọ kankan lọ sóko. A ó sọ fún un, ì báà yé e, ì báà má yé e. Lẹ́yìn náà, a ó tú fọ́nrán lára aṣọ olóògbé, ọmọ rẹ̀ á wé e mọ́ ìdì. Ìyẹn ló wà nínú ẹ̀, Ládùn. Ìyá Àjàgbé ló wà nísàlẹ̀, gbogbo àwọn tó kù wà lórí rẹ̀.

Ó yá, gba. Ara bùbá bàbá rẹ ni mo ti tú u. Nu ojú rẹ kó o lè ríran. Wé e... Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Mú un wá.